Píkọ́ọ̀pù wo ló lè gbé tìrélà tirakitọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Tirakitọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ láti Iléṣà dé Ìfẹ̀wàrà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi tìrélà pẹrẹsẹ kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ ń wọ inú bọ́dì píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń pè ní fifth wheel. Tìrélà náà wọn 2,300 kg lófìfo. Tirakitọ̀ àti ohun ìtúlẹ̀ mi jẹ́ 3,200 kg. Mo ti rí tòkunbọ̀ méjì tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkíní ni Ford F-250 ti 2012, onílẹ̀kùn mẹ́rin, dísẹ̀ẹ̀lì 6.7, bọ́dì kúkúrú. Èkejì ni F-350 ti 2011, bẹntiróòlù 6.2, bọ́dì gígùn. Ẹni tó ń tà wọ́n ní dísẹ̀ẹ̀lì yẹn lè fa odindi ilé. Èwo ni kí n mú? Àbí kí n kúkú máa lo Hilux tí mo ní?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá oko. F-350 ni kí ẹ mú, bí ohun tí n óò ní kí ẹ yẹ̀ wò bá pé lára rẹ̀. Hilux kò lè ṣe é. Bíi tọ́ọ̀nù kan ni ẹrù tó lè gbé mọ, àti pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 3,500 kg ni òpin ohun tí wọ́n gbà kí ó fà. Ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Òótọ́ ni pé dísẹ̀ẹ̀lì yẹn lágbára ju bẹntiróòlù lọ. Àmọ́ tìrélà yín yàtọ̀ sí èyí tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Orí áàsù ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù gan-an ni ọrùn rẹ̀ ń jókòó lé. Bí tìrélà bá di ẹrù tán, píkọ́ọ̀pù yóò gbé nǹkan bí 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n náà. 20 la sábà máa ń fi ṣírò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ lè gbé, kí ẹ tó béèrè ohun tó lè fà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. 2,300 àti 3,200 jẹ́ 5,500 kg. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1,100. Àwo onírin tó ń gbá píìnì tìrélà mú lè tó 90 kg. Awakọ̀ àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀, 160. Jáàkì, ṣéènì àti irinṣẹ́, 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,400 kg, kí ẹnikẹ́ni tó ju àpò gàrí kan sẹ́yìn.

Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó tí ilẹ̀kùn ń há mọ́, ẹ óò rí bébà tí wọ́n kọ GVWR sí. Ibi tí ìwọ̀n ọkọ̀ náà, pẹ̀lú èèyàn àti ẹrù inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ nìyẹn. F-250 dísẹ̀ẹ̀lì ìgbà yẹn, 4,536 kg ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì wúwo, ó sì ti jẹ nínú rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù kankan: ohun tó ń kù fún ẹrù lára onílẹ̀kùn mẹ́rin kì í sábà ju 1,200 kg lọ. Ó ti já kulẹ̀ níbẹ̀. Ní ti F-350, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ gbé e lófìfo lọ sórí wéébìríjì, kí ẹ yọ iye tó bá wọn kúrò lára GVWR rẹ̀. Bí bébà bá sọ 5,080, tí ọkọ̀ sì wọn 3,100, ẹ ní 1,980 kg lọ́wọ́, ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Bí ohun tó kù kò bá tó 1,400, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dán tó. Ara bébà kan náà ni wọ́n kọ ìwọ̀n tí áàsù ẹ̀yìn lè gbà sí. Ẹ kà á pẹ̀lú.

Ohun kejì tó mú mi sá fún dísẹ̀ẹ̀lì yẹn ni epo. Epo dísẹ̀ẹ̀lì Amẹ́ríkà, tí sọ́fọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ, ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún. Ó ní asẹ́ èéfín tó ń dí, ó ń béèrè omi ùríà lọ́tọ̀, pọ́ǹpù epo rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CP4 kò sì gba omi rárá. Dísẹ̀ẹ̀lì inú dúrọ́ọ̀mù tí a ń rà lọ́nà oko, ta ló mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀? Bí pọ́ǹpù yẹn bá lọ̀ nínú, èérún irin rẹ̀ ni yóò wọ gbogbo ínjẹ́tọ̀. Iye tí ẹ ó fi tún un ṣe lè bà yín lọ́kàn jẹ́. Bọ́dì kúkúrú náà tún ní wàhálà tirẹ̀: bí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà tóóró, igun iwájú tìrélà lè fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, àfi bí ẹ bá ra àwo onírin tó ń sún sẹ́yìn.

Bẹntiróòlù 6.2 yóò mu epo, kò sì ní sáré gun òkè Ìpetu. Ẹ jẹ́ kó rọra gùn ún. Ẹ ṣáà wo iye jíà áàsù rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti jíà ń yí kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan; bó bá ṣe pọ̀ sí i ni ọkọ̀ ṣe ń lè fa ẹrù sí i. 3.73 àti 4.30 ni Ford ṣe fún un, 4.30 ni iṣẹ́ yín ń fẹ́. Ẹ fa ọ̀pá epo jíà yọ, kí ẹ nu ún sára aṣọ funfun. Ó yẹ kó pọ́n. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, wọ́n ti fi ọkọ̀ náà fa ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Lára táyà, ẹ wá lẹ́tà E, tó fi hàn pé táyà náà lè gba ẹrù wúwo, kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 3219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2019.

Ibi tí ẹ̀mí wà ni ìsọ̀kalẹ̀. Bíréèkì tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ni irú tìrélà yín sábà máa ń ní, kò sì ní ṣiṣẹ́ àfi bí píkọ́ọ̀pù bá ní ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì 7. Àwọn kan níbí máa ń gé wáyà rẹ̀ dànù pé kò sí ohun tó ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Ẹ fi jáàkì gbé táyà tìrélà kan sókè, kí ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹnìkan sì fa okùn pàjáwìrì tó wà níwájú tìrélà yọ, èyí tó ń mú kí bíréèkì di táyà mú bí tìrélà bá já kúrò lára ọkọ̀. Táyà yẹn gbọ́dọ̀ dúró gbọin lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń yí lọ, bátìrì orí tìrélà ti kú tàbí wáyà ti já. Ẹ ṣe ti gbogbo táyà bẹ́ẹ̀, kí tirakitọ̀ tó gun orí rẹ̀.

Wẹ́dà kankan kò sì gbọ́dọ̀ jó àwo onírin yẹn mọ́ ilẹ̀ bọ́dì. Páànù lásán nìyẹn. Ara ṣáṣí ni bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wa tirakitọ̀ gun orí tìrélà kí ẹ sì tún padà sórí wéébìríjì, kí táyà píkọ́ọ̀pù nìkan wà lórí rẹ̀. Bó bá ti ju GVWR lọ, ẹ sún tirakitọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá sún un jù, ọrùn tìrélà á fúyẹ́, ìdí rẹ̀ á sì máa fì kiri lójú títì. Nígbà tí ìwọ̀n bá ṣe rẹ́gí, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí táyà iwájú tirakitọ̀ wà, kí ọmọọṣẹ́ yín máa gbé e dé ojú àmì yẹn nígbà gbogbo, kó tó fi ṣéènì dè é.