Ṣé Èèyàn Lè Dá Wọ Ọkọ̀ Afẹ́ Tí Wọ́n Ṣe fún Ìdílé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, opó ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Manchester fẹ́ sanwó kí n wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ láti Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àwọn erékùṣù Canary nígbà òtútù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó bá mi lọ. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ìdílé ni, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kò ní dà bí ẹni tó lọ jókòó síbi àríyá tí wọn kò pè é sí? Kí ni kí n ṣe kí owó ọmọ mi má ṣòfò?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ lè lọ, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sí ọ́fíìsì wa tó ń ṣètò ìrìn-àjò ní Adó-Èkìtì ni pé kí wọ́n yan ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó yan ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọkọ̀ ìdílé máa ń kún fún ọmọdé, bí ilé ìwé ṣe ń wọlé tó sì ń jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń pinnu rẹ̀. Nígbà Kérésìmesì àti ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín sáà nínú oṣù Kejì, ariwo wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn. Ṣùgbọ́n tí ilé ìwé bá ti wọlé ní oṣù Kìíní, àwọn kéékèèké tí kò tíì tó lọ sílé ìwé ló máa ń kù, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì bíi tiyín ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ọkọ̀. Owó náà máa ń wálẹ̀ lásìkò yẹn. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ ọmọdé rárá, ilé iṣẹ́ P&O Cruises ní ọkọ̀ méjì, Arcadia àti Aurora, tó jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan.

Ní ti owó, ẹni méjì ni wọ́n fi ń ṣírò yàrá kan, nítorí náà ẹni tó bá dá lọ lè san iye tó sún mọ́ ti ẹni méjì. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ẹlẹ́nì kan. Iona, ọkọ̀ ìdílé tó ń gbé èrò bí 5,200, ní irú rẹ̀, àmọ́ kò pọ̀, ó sì máa ń tètè tán.

Físà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kúrò ní Southampton, ẹ ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ tún ń wọlé lọ́tun ni, nítorí náà físà Gẹ̀ẹ́sì yín gbọ́dọ̀ lè gbà yín wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀ Sípéènì ló ni Canary, nítorí náà físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, pọn dandan, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ retí láti gbà á nígbà tí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù: orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé ló ti ń gbà á, ìyẹn Nàìjíríà. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, ẹ sì nílò ìbánigbófò tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán. Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìrìnnà yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí ẹ lè wọlé sí. Bí ẹ bá rí 01, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. MULT, ìyẹn pé ẹ lè wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, ni ó dára jù, pàápàá bí ọkọ̀ náà yóò bá yà sí Mòrókò kó tó padà sí ilẹ̀ Sípéènì.

Òkun Biscay, tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá lọ sí Canary, máa ń ru gidigidi nígbà òtútù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, níbi tí mímì rẹ̀ kò ti pọ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn, irú bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, ẹ má fi sínú ẹrù tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ máa fi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọkọ̀ kì í sábà kú sí oje apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́.

Ẹni tó dá lọ kò ní ẹni tí yóò wá a bí ewu bá dé, nítorí náà ẹ mọ ibi ìpéjọ pàjáwìrì tiyín dájú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ afẹ́ Costa Concordia dojú dé ní etíkun Ítálì ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, tí èèyàn 32 kú, òfin àgbáyé sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ́ èrò ní èyí kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí gbàrà tó bá gbéra.

Ní ti ìdánìkanwà, ibi oúnjẹ alẹ́ ló ti máa ń dunni jù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan láti Ìjerò tí mo ṣètò ìrìn-àjò rẹ̀ jókòó nìkan lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àga mẹ́ta tó ṣófo yí i ká, kò sì lè jẹ oúnjẹ náà tán. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí wọ́n fi òun sí tábìlì àjọjẹ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti máa bi agbáwo pé màmá Nàìjíríà dà. Ọjọ́ tí ọmọ yín bá ń sanwó gan-an ni kó ti béèrè tábìlì àjọjẹ fún yín.