Màlúù Ló Fa Ìyá Arúgbó Dé Zenkō-ji

Àbúrò mi kan ń múra ìrìn-àjò lọ sí Nagano ní Jàpáànù. Ó ní òun fẹ́ dé Zenkō-ji, tẹ́ńpìlì àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ó sì bi mí pé kí ni ìtumọ̀ òwe tí wọ́n ń pa níbẹ̀: "Ushi ni hikarete Zenkō-ji mairi." Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè náà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú lọ sílé ìjọsìn, bí ẹni fokùn fa màlúù, ni òwe náà ń bá wí. Inú bí mi. Ta ló so okùn mọ́ màlúù lọ́rùn? Màlúù ló ń fa ènìyàn nínú òwe yìí: "Màlúù fà á dé Zenkō-ji láti jọ́sìn" ni ìtumọ̀ rẹ̀! Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn kò yẹ kó máa túmọ̀ òwe fáyé gbọ́.

Àbúrò, bí ìtàn náà ṣe lọ rè é. Ìyá arúgbó kan wà ní agbègbè Komoro láyé àtijọ́. Ahun ni, ọ̀rọ̀ Búdà kò sì kàn án. Lọ́jọ́ kan, ó fọ aṣọ funfun, ó sá a sóòrùn. Àfi bí màlúù kan ṣe yọ, tó fi ìwo kọ́ aṣọ náà, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá kò gbà. Aṣọ òun kẹ̀! Ó sáré tẹ̀ lé e, ó ń bú u, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò bojú wẹ̀yìn, títí ó fi rí i pé inú ọgbà Zenkō-ji lòun wà, ibi tó ju 40 kìlómítà lọ sílé rẹ̀. Màlúù ti pòórá. Wọ́n ní itọ́ tí màlúù náà dà sílẹ̀ di ọ̀rọ̀ kíkà nínú ìmọ́lẹ̀ tẹ́ńpìlì, tó ń sọ fún un pé kó má rò pé màlúù lásán ló mú òun wá. Ìyá kúnlẹ̀, ó gbàdúrà mọ́jú. Lẹ́yìn tó padà sílé, ó lọ kí ère Kannon, ẹni mímọ́ aláàánú nínú ẹ̀sìn Búdà, tó wà ládùúgbò rẹ̀, ó sì bá aṣọ rẹ̀ lára ère náà. Kannon fúnra rẹ̀ ló di màlúù.

Nítorí náà, ẹni tó ń lépa nǹkan tirẹ̀, tí kò ro ire kankan, tó wá bá ire pàdé, òun ni òwe náà ń bá wí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kí o sin òun lọ síbi tí kò wù ọ́, tí ibẹ̀ wá ṣe ọ́ lóore, o lè pa á.

Èyí tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lé lórí ni ìdí tó fi jẹ́ obìnrin ni ẹni inú ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ òkè mímọ́ ní Jàpáànù ni obìnrin kò gbọdọ̀ gùn nígbà náà. Òkè Kōya wà lára wọn, ọdún 1872 sì ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Zenkō-ji kò lé obìnrin rí. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ kí ẹ̀sìn Búdà tó pín sí ìjọ lóríṣiríṣi níbẹ̀, ilé méjì ló sì ń tọ́jú rẹ̀ dòní: Daikanjin ti ìjọ Tendai, àti Daihongan ti ìjọ Jōdo. Obìnrin tó ti fá irun rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn ni olórí Daihongan. Lójú tèmi, àwọn obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, tí wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ níbòmíràn, ni wọ́n gbé òwe yìí káàkiri. Ẹ wo nǹkan tí Kannon fi pè é: aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé orí òkè kò ní ronú irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Òwe mìíràn wà tó ní bó ti wù kí Zenkō-ji jìnnà tó, kí ènìyàn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn yé ọmọdé. 

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó dé Nagano lọ́dún 1997 ti sọ ìrìn yìí di nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ láti Tokyo. Àwọn èèyàn ń dé, wọ́n ń ya fọ́tò ilé ńlá tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1707, wọ́n ń jẹ oyaki, ìyẹn àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ́jọ́ kan náà láìbéèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá jókòó síwájú kámẹ́rà láti kọ́ wa lówe.

Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Má wá ère àgbà tó wà níbẹ̀, nítorí wọn kì í fi han ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méje bí wọ́n ṣe ń kà á. Ti 2021 ni Kòrónà sún dé 2022. Ṣùgbọ́n wọ ihò òkùnkùn tó wà lábẹ́ pẹpẹ. Kò sí ìmọ́lẹ̀ rárá, ọwọ́ ọ̀tún ni wàá fi máa tọ ògiri títí wàá fi kan àgádágodo tó wà nísàlẹ̀ ère àgbà náà gan-an. Àyà mi já níbẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Sùn mọ́jú ní ọ̀kan nínú ilé àlejò 39 tó yí tẹ́ńpìlì ká, kí o lè jí síbi ìsìn àárọ̀. Olórí tẹ́ńpìlì máa ń kọjá lójú ọ̀nà olókùúta, àwọn èèyàn á kúnlẹ̀, á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kan orí wọn. Ní kí onílé rẹ sọ ìtàn màlúù náà fún ọ bí òun ṣe gbọ́ ọ. Bí ààyè bá ṣì kù, wọkọ̀ lọ sí Komoro, kí o gun òkè lọ sí Nunobiki Kannon, níbi tí wọ́n ní ìyá ti rí aṣọ rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ga, òkúta pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọ bàtà tó le.