Róòsì tí yìnyín ò pa, òjò Àkúrẹ́ lè pa á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọ̀bà-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mo gbin róòsì mẹ́rin sí ìdí fẹ́ǹsì iwájú ilé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ewé wọn á yọ àpá dúdú, á pọ́n, á sì wọ̀ dànù, á wá ku igi àti ẹ̀gún. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n máa fín DDVP sí wọn. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun máa fi róòsì tó lágbára ránṣẹ́ láti ọ̀hún, pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò sí ohun tó ń pa á, kódà yìnyín. Ṣé kó fi ránṣẹ́, àbí oògùn wo ni kí n fín?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọgbà, Màmá. Ìbéèrè yìí ò ṣàjèjì sí mi mọ́. Ó ti wá láti Alágbàká, ó ti wá láti Oǹdó, orílẹ̀-èdè tí ọmọ wà nìkan ló ń yí padà.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ DDVP kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì kò ní ìdáhùn mìíràn. Ewé ká, DDVP. Ewé pọ́n, DDVP. Òdòdó ò yọ, DDVP. Kòkòrò ni oògùn yẹn ń pa, ohun tó sì ń jẹ róòsì yín kì í ṣe kòkòrò rárá. Ẹ lè fín in títí ọdún á fi parí, àpá dúdú yóò ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọmọdé inú ilé lẹ ó máa fa èéfín rẹ̀ símú. NAFDAC ò déédéé ní kí wọ́n yéé ta ìgò kékeré rẹ̀ kiri lọ́dún 2019. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé.

Ó wá ku róòsì Kánádà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí yẹn kì í ṣe irọ́. Ìṣòro ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ló sọ, kì í ṣe tiwa. Ohun tó ń pa róòsì ní ọ̀hún ni òtútù. Bí ìgbà òtútù bá dé, igi á gbẹ láti orí dé ilẹ̀, òmíràn kì í sì í jí mọ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Felicitas Svejda fi lo ọ̀pọ̀ ọdún ní oko ìwádìí ìjọba ní Ottawa, tó ń da róòsì pọ̀ mọ́ra wọn títí ó fi rí èyí tí òtútù kò lè pa. Wọ́n fi orúkọ àwọn arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ sọ wọ́n: John Cabot, Henry Hudson, William Baffin. William Baffin yìí lè fara da òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 30 sí ìsàlẹ̀ òdo, kó sì tún rúwé. Iṣẹ́ ńlá ni obìnrin náà ṣe, mo kí i.

Ṣùgbọ́n Màmá, ibo ni òtútù yẹn wà ní Ọ̀bà-Ilé? Ọyẹ́ tó ń mú wa gbọ̀n lóṣù kìíní yìí, síńgílẹ́ẹ̀tì ni ará Ottawa máa wọ̀ láàárín rẹ̀. Agbára láti fara da òtútù lọ́tọ̀, agbára láti kojú àrùn lọ́tọ̀. Igi kan lè ní méjèèjì, àwọn kan nínú ti Svejda sì ní in dé àyè kan. Ó tún lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì. Ní Kánádà yẹn kan náà, ní Morden ní ìpínlẹ̀ Manitoba, wọ́n tọ́ àwọn róòsì mìíràn tí yìnyín kò lè ṣe ní nǹkan kan, síbẹ̀ tí àpá dúdú máa ń bọ́ ewé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn bí òjò bá pọ̀. Ìyẹn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn o!

Kódà èyí tí wọ́n dìídì tọ́ nítorí àrùn, ẹ má pè é ní "àrùn kì í mú un". Ọkùnrin ará Wisconsin kan ní Amẹ́ríkà, William Radler, ló tọ́ róòsì tí wọ́n ń pè ní Knock Out, tó jáde lọ́dún 2000. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ṣe é? Ó ń ṣa ewé tó ti ní àpá dúdú jọ, á gbẹ ẹ́, á lọ̀ ọ́ kúnná, á wá bù ú wọ́n àwọn ọmọ róòsì rẹ̀ lórí, á sì bu omi lé e kí àrùn lè ráyè dáadáa. Èyí tó bá kú, ó kú. Èyí tó bá yè, òun ló ń mú lọ síwájú. Èmi fẹ́ràn irú ìyà báyẹn fún róòsì. Àmọ́ nígbà tí Knock Out dé ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti jọ tiwa díẹ̀, àrùn ewé mìíràn tó ń jẹ́ Cercospora ń mú un. Èèràn kan tún wà tí kòkòrò bíńtín ń gbé kiri níbẹ̀, rose rosette lorúkọ rẹ̀, kò sì bọ̀wọ̀ fún Knock Out rárá. Àpá dúdú fúnra rẹ̀, oríṣi tí àwọn onímọ̀ ti yà sọ́tọ̀ lé ní mẹ́wàá. Èyí tí igi kan lè kojú níbì kan lè má jẹ́ èyí tó wà níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tiyín. Ẹ já ewé kan lówùúrọ̀, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí etí àpá náà bá rí jágajàga, tó dúdú dé àárín, tí àyíká rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àrùn àpá dúdú nìyẹn, Diplocarpon rosae. Bó bá kéré, tó rí róbótó, tí àárín rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tí etí rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò, Cercospora ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àwòrán fóònù tí ẹ fi ránṣẹ́ ò mọ́lẹ̀ tó fún mi láti búra. Bó bá rú yín lójú, ẹ kó ewé díẹ̀ sínú ọ̀rá lọ sí FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, kí ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí irúgbìn, ilẹ̀ àti àwọn ohun tó ń ba irúgbìn jẹ́.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ìdílé èbu ni méjèèjì, omi orí ewé ni wọ́n sì ń wá. Bí ewé bá tutù fún nǹkan bíi wákàtí méje láìgbẹ, àpá dúdú ti ráyè wọlé nìyẹn. Róòsì yín wá wà ní ìdí fẹ́ǹsì! Atẹ́gùn ò débẹ̀, oòrùn ọ̀sán nìkan ló ń rí, ìrì àná ṣì wà lórí ewé ní aago mẹ́wàá. Àwọn oníkòkó Ìdànrè mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ: bí oko bá ṣú, tí wọn ò ká kòkó tó ti dúdú kúrò lórí igi, òjò kan ló máa parí iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣí wọn nípò nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹrin. Kí wọ́n jìnnà sí ògiri, kí ààyè bíi mítà kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí oòrùn àárọ̀ bà wọ́n. Ìdí igi ni kí ẹ máa bu omi sí, láàárọ̀, ẹ má fi họ́ọ̀sì rọ ọ́ lé e lórí nírọ̀lẹ́. Ewé tó bá já bọ́, ẹ ṣà á kí ẹ sun ún, ẹ má fi bo ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ dára bó bá ti jẹrà. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Oògùn kọ́pà tí àwọn oníkòkó ń fín lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ewé tó ṣì mọ́ ló ń dáàbò bò, kì í wo èyí tó ti ní àpá sàn. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ ka ara ike rẹ̀, kí ẹ rí nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú. Ẹ má lo ìwọ̀n tí wọ́n ń pò fún oko kòkó. Ẹni tó bá ṣe é ní ìṣekúṣe, kó má ní èmi ni mo rán òun.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ igi tuntun, ẹ má wá a lókè òkun. Ẹ wá a nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tàbí ilé àwọn àgbà, níbi tí róòsì kan ti ń rúwé lọ́dọọdún láìsí ẹni tó fín oògùn sí i. Òjò ibí ti dán ìyẹn wò. Ẹ tọrọ ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán, gígùn rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ ya ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ rì í bọ inú yanrìn tó tutù, kí ẹ gé ìdí ike omi kan fi bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibòji. Ó lè tó oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, ẹ má máa fà á wò.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé igi àti erùpẹ̀ kì í wọ orílẹ̀-èdè yìí lásán. NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn àti ẹran tó ń wọlé wò, gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ kó tó gbéra, Kánádà náà sì gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé kò ní àrùn. Èyí tí wọ́n bá dì sáàárín aṣọ, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá ṣáà fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kó ra àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, èyí tó mú dáadáa. Kí ẹ máa fi sípíríìtì nù ún kí ẹ tó ti orí igi kan bọ́ sí èkejì.