Ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀ bí n kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 71 ni mí, London ni mò ń gbé. Àkọ́bí mi ọkùnrin ni mo kọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn pé ó jẹ́ next of kin mi, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá mi lọ rí dókítà. Bí àìsàn bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ṣé àkọ́bí ni yóò pinnu ìtọ́jú mi?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Ní England àti Wales, ẹni tí ilé ìwòsàn yóò pè ni next of kin. Òfin kò fún un láṣẹ láti gba ìtọ́jú tàbí láti kọ̀ ọ́ lórúkọ yín. Àwọn oníṣègùn ni yóò pinnu ohun tó ṣe yín láǹfààní jù. Wọn yóò bi ẹbí léèrè, ṣùgbọ́n ìpinnu kò sí lọ́wọ́ ẹbí.

Ìwé tó ń fún ẹni tí ẹ yàn láṣẹ láti pinnu fún yín, lábẹ́ òfin Mental Capacity Act ti 2005, ni Lasting Power of Attorney. Oríṣi méjì ni: ti owó àti ilé, àti ti ìlera. Ti ìlera ni kí ẹ ṣe. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹni tí ẹ yàn lè pinnu lórí ìtọ́jú tó ń gbé ẹ̀mí ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá ibẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí yín, tó ti mọ̀ yín fún ọdún 2 ó kéré tán, tàbí dókítà yín, yóò jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ náà yé yín, pé kò sẹ́ni tó fipá mú yín. Ẹ ó wá fi ránṣẹ́ sí Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ìwé yìí sílẹ̀. Bí wọn kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò níṣẹ́ tó lè ṣe, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara ṣì ń dá yín.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí yẹn ló ká mi lára jù. Mo mọ ipò tó wà nílé wa, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe oyè ìdílé. Ẹni tó lè sọ ohun tí ẹ̀yin fẹ́ níwájú dókítà, kódà bí ọkàn tirẹ̀ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ yàn. Lójú tèmi, àbúrò ni. Bí ẹ bá fẹ́ yan àwọn méjèèjì, ẹ kọ ọ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá pinnu. Bí ẹ bá ní dandan ni kí wọ́n fẹnu kò, tí ẹ kò sì yan arọ́pò, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú tàbí tó yọwọ́, gbogbo ìwé náà dòfo nìyẹn. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí àkọ́bí gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó má jẹ́ pé lẹ́nu nọ́ọ̀sì ni yóò ti gbọ́.

Bí ìtọ́jú kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ rárá, bí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣe ń kọ ẹ̀jẹ̀ gbígbà, ẹ lè kọ ìyẹn sínú ìwé ọ̀tọ̀. Fún ìtọ́jú tó ń gbé ẹ̀mí ró, ẹ̀yin àti ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì wà nínú rẹ̀ pé ẹ kọ̀ ọ́ bí ẹ̀mí yín tilẹ̀ wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá ṣe Lasting Power of Attorney lẹ́yìn rẹ̀, tó fún ọmọ láṣẹ lórí ìtọ́jú kan náà, èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò borí.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì lè pinnu fúnra yín, ẹnu yín ni dókítà yóò gbọ́, ẹ sì lè yí ohun tí ẹ kọ padà. Ẹ fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ní ẹ̀dà kan.