Kókó tí kò dun ọmọ, ẹ má dúró kó bẹ́

Ìyá ọmọ, ẹ ní kókó ti wà ní ìgúnpá ọmọ yín láti oṣù tó kọjá, kò dùn ún, ara rẹ̀ ò sì gbóná, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ ṣì máa fi ewé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, àìdùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fura sí.

Òun ló tàn mí jẹ. Ìjerò la wà nígbà náà, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7. Kókó yọ lẹ́yìn orúnkún rẹ̀, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ìyé, kò dùn mí." Mo pè é ní éèwo, mo ń lọ ewé imí eṣú lé e. Ó bẹ́, ojú egbò náà ò fẹ̀, ni mo bá tún fọkàn balẹ̀. Oṣù méjì kọjá kí n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú wé lórí, ó tì í bọ abẹ́ etí egbò, ó sì wọlé lọ bí ìgbà téèyàn kiwọ́ bàpò. Abẹ́ awọ ti jẹ káàkiri. Ọmọ ò tilẹ̀ ké.

Àyẹ̀wò fi hàn pé egbò Bùrúlì ni. Ìdílé kan náà ni kòkòrò àrùn rẹ̀ àti ti ikọ́ ife àti ti ẹ̀tẹ̀ ti wá. Oró tó ń tú sára ló ń pa ẹran ara, òun náà ló ń mú kí ibẹ̀ kú tí ọmọ kì í fi í mọ̀ ọ́n lára. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Nílé wa, wọ́n ní àsàsí ni, wọ́n ya abọ́ ọmọ mi sọ́tọ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Òògùn rifampicin àti clarithromycin ló lò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, òògùn ló fà á, ẹ má jáyà. Láàárín kan egbò náà tún dà bíi pé ó ń fẹ̀ sí i, díẹ̀ ló kù kí n dá òògùn dúró. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, a tẹ̀ síwájú, ó sì jiná.

Àmọ́ orúnkún ti gan. Ó ti ń ká ẹsẹ̀ kò láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ó yẹ ká máa nà án. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a nà án, omijé rẹ̀ níbẹ̀ ju ti egbò lọ.

Tiyín lè má jẹ́ Bùrúlì o, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ẹ gbé e lọ lọ́la. Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ti Bùrúlì wà. Kẹ́ ẹ sì máa na apá yẹn fún un láti òní.