Wọ́n wá bi ìyá mi léèrè nípa àwọn ajínigbé: ṣé kí wọ́n dáhùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá sílé wa ní Ìkọ̀lé. Ó ní ìwádìí èrò aráàlú lórí ààbò lòun ń ṣe. Ó bi màámi bóyá ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà wọ́n àti bóyá ìjọba ń gbìyànjú. Màámi ní kó máa lọ. Ṣé wọ́n ṣe dáadáa? Èmi náà, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan rí, síbẹ̀ a máa ń gbọ́ pé "àwọn ará Èkìtì sọ pé báyìí báyìí." Ta ni wọ́n bi?

Ìdáhùn: Ẹ má bá màmá wí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, tí wọ́n tún jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré. Ẹni tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣojú rẹ̀, tí àjèjì wá ń bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, ó yẹ kó fura. Àwa tí à ń ṣe ìwádìí ló yẹ ká mú ìfura náà kúrò.

Kí a tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, a ó ti mú lẹ́tà lọ sí ààfin tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀, àwọn ọlọ́pàá á sì ti mọ̀ pé a wà nílùú. Ẹni tó wá gbọ́dọ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, kó sọ ẹni tó rán an, kó sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ lè kọ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè nọ́ńbà báńkì, tàbí ìgbà tí bàbá máa ń lọ sóko. Bó bá gba nọ́ńbà fóònù, kí ọ̀gá rẹ̀ lè pè yín ni, kó mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ yín lóòótọ́. Àwọn kan wà tó ń jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn. Mo ti lé irú wọn lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ní ti ẹni tí wọ́n bi: Afrobarometer, tó ti ń ṣe irú ìwádìí yìí nílẹ̀ Áfíríkà láti 1999, bi ènìyàn 1,600 ní Nàìjíríà ní 2022. Ẹni tó wu oníṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń bi. Yóò ka ilé dé ìkarùn-ún láti ibi tí wọ́n ti ní kó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀kẹwàá, tábúlẹ́ẹ̀tì ló sì ń mú ẹni tó máa dáhùn nínú ilé náà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìwọ̀nba ènìyàn lè ṣojú ọ̀pọ̀. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba èsì tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ó ní Ààrẹ Roosevelt máa fìdí rẹmi nínú ìbò ààrẹ. Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ni wọ́n pọ̀ jù nínú orúkọ tí wọ́n fìwé ránṣẹ́ sí. Bí ìbò orí WhatsApp ṣe rí náà nìyẹn: màmá yín ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Èkìtì ò tó ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà. Nínú 1,600 yẹn, bí 30 péré ló lè kàn wá. Ẹni tó bá gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sójú ayé tó ní "àwọn ará Èkìtì sọ pé", ẹ bi í pé: mélòó nínú wọn?

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, mo jókòó ti ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi bi wọ́n bóyá ẹ̀rù "agbésùnmọ̀mí" ń bà wọ́n. Wọ́n ní rárá, pé Maiduguri nìyẹn wà, ọ̀bẹ ò sì dúró. Mo ní kó tún un béèrè, kó pè é ní "ajínigbé". Ọ̀bẹ dúró. Wọ́n wojú ọ̀nà oko, wọ́n ní àwọn ò dé oko iṣu àwọn láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tó kan ìbéèrè bóyá ìjọba ń ṣe dáadáa, wọ́n ní: "Ìjọba wo?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Abuja ló ni ọlọ́pàá àti sójà, ìpínlẹ̀ ló ni Amọ̀tẹ́kùn. Ìbéèrè tó bá da gbogbo wọn pọ̀, èsì rẹ̀ ò lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 2006, ìwé ìròyìn New York Times àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá ó dáa bí ìjọba ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù wọn láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n fi kún un pé kí ewu agbésùnmọ̀mí lè dínkù ni, 53 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó dáa. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, 46 ni. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè náà ṣe pàtàkì: Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, tí 51 nínú ọgọ́rùn-ún ń yìn kí ìkọlù September 11, 2001 tó wáyé, ó di 90 kí oṣù yẹn tó parí. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé èsì jáde, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bi àwọn ènìyàn kí ẹ tó wo iye.

Bí ọmọkùnrin yẹn bá padà wá, ẹ ní kó fi káàdì àti lẹ́tà hàn, kẹ́ ẹ pe ààfin. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, mo bẹ̀ màmá, kí wọ́n dá a lóhùn, nítorí ilé tó bá kọ̀, ilé mìíràn ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, bóyá ilé tí ẹ̀rù ò bà. Kí wọ́n má sì sọ ohun tí wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè, Afrobarometer máa ń béèrè pé, "Ta ni ẹ rò pé ó rán wa wá?", nítorí ẹni tó bá gbà pé ìjọba ló rán wọn máa ń ṣọ́ ẹnu. Èyí tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n ní "mi ò mọ̀." Ààyè rẹ̀ wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.