Àwo Miles Davis kò bá fèrè mi mu: ṣé etí mi ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tráńpẹ́ẹ̀tì ni mò ń fun ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ra ògbólógbòó àwo "Kind of Blue" ti Miles Davis, afuntráńpẹ́ẹ̀tì oníjáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, mo sì ń fun fèrè tẹ̀ lé e. Ojú kejì bá mi mu, àmọ́ ojú kìíní máa ń fi díẹ̀ ga jù mí lọ. Ṣé etí mi ni àbí ẹ̀rọ mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, etí rẹ dá ṣáká. Inú àwo yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, 1959, ni wọ́n gba orin mẹ́ta ojú kìíní sílẹ̀ ní New York, nínú ilé kan tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà ń falẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé téèpù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ, orin yá sí i, ohùn sì ga. Gíga náà kò tó láti orí bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí nóòtù tó bọ́ sí i. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ni wọ́n gba ojú kejì, ìyẹn kò níṣòro.

Sí dí tó jáde ní 1997 ti ní àtúnṣe. Bí ẹ̀rọ àwo rẹ bá sì ní ibi tí wọ́n ti ń dín eré kù, rọra dín in títí yóò fi bá kíbọ́ọ̀dù mu.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má ju àwo náà nù. Jókòó ti "So What", orin àkọ́kọ́ lójú kìíní. Báàsì Paul Chambers ló ń lé orin, pianó Bill Evans ń fi kọ́ọ̀dù méjì péré (ìyẹn nóòtù tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) gbè é, kí àwọn afunfèrè mẹ́ta tó bá a dá sí ègbè náà. Bí Miles ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Jimmy Cobb lu síńbálì kan gbàá! Ó ń dún lọ, ó ń dún lọ, fèrè sì gba abẹ́ rẹ̀ yọ jáde. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Kọ́ọ̀dù tó ń yí wéréwéré ni àwọn oníjáàsì ìgbà yẹn ń sá tẹ̀ lé. Níbí, orí ìtò nóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n dúró sí fún bar 16 (bar kan jẹ́ ìwọ̀n kíka mẹ́rin), wọ́n gbé e sókè díẹ̀ fún bar 8, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fún bar 8. Kò síbi tí èèyàn máa sá pamọ́ sí. Orin gidi lo gbọ́dọ̀ kọ. Nítorí náà, má kánjú. Fun gbólóhùn kan, dákẹ́ fún bar méjì, kí o tó fun òmíràn.